Ọkọ̀ Kejì

Èéfín ti kún inú ọkọ̀ kí Ornella tó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn kò ní ṣí. Ó fà á, ó tún fà á. Iná mànàmáná tó ń ṣí i ti kú. Bátìrì abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ń ta pàrà pàrà bí àgbàdo inú iná.

Gualtiero, awakọ̀ tó máa ń dán ọkọ̀ tuntun wò fún ilé-iṣẹ́ wọn ní Turin, fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta gíláàsì títí ó fi fọ́. Ó ti Ornella, ọ̀gá rẹ̀, jáde, òun náà sì bọ́ sórí yìnyín. Wọn ò tíì sá jìnnà tí iná fi bo ọkọ̀ náà, tòun ti fóònù àwọn méjèèjì.

"Ìyàwó mi ò tíì lè fẹ́ ọkọ mìíràn nìyẹn," ni Gualtiero wí.

Ornella kò rẹ́rìn-ín. "Ilaria ńkọ́?"

Ilaria, ẹnjiníà tó kéré jù lábẹ́ rẹ̀, ń wa ọkọ̀ kejì bọ̀ láti orí òkè. Irú ọkọ̀ kan náà, irú bátìrì kan náà. Ornella fúnra rẹ̀, olórí ẹ̀ka tó ń ṣe ọkọ̀ oníná mànàmáná, ló ní kó sá eré dáadáa.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gun òkè. Bàtà rẹ̀ ń yọ̀. Ọkọ̀ wọn kì í pariwo. Báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ tó bá ń bọ̀? Ní kọ́nà, iná iwájú ọkọ̀ Ilaria yọ sí i lójijì. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dijú.

Ọkọ̀ náà yọ̀ wá, ó dúró nígbà tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún Ornella.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Jáde! Fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, jáde!"

Wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n ń wò ó. Kò jó. Kò tilẹ̀ rú èéfín. Fóònù Ilaria dún: Bonfante, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wọn, ni. Ornella ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ṣùgbọ́n èkejì dáa? Ẹ wà á bọ̀ jàre, àwọn oníròyìn tó wá wo ọkọ̀ tuntun wa ti jókòó. Ẹni tí ejò bù jẹ rí ní í sá fún ekòló."

"Kì í ṣe ekòló, ọ̀gá. Ọmọ ìyá ejò ni. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́."

"Á jẹ́ pé o ò níṣẹ́ mọ́ nìyẹn."

Bonfante pa fóònù. Ornella dá a padà fún Ilaria.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà yín, ọ̀gá? Kò mà jó o."

Ọkọ̀ náà dúró lójú títì, ó funfun, ó dákẹ́, ó lẹ́wà. Èyí tó ń jó nísàlẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí ni Ornella kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.