Omi Orí Ọmọ Emmot

Nígbà tí ìyá àgbà Emmot wà lọ́mọdé, ọ̀rọ̀ tó níyì ni godsib. Ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ dúró níwájú àlùfáà lọ́jọ́ ìsàmì, tó kọ Èṣù sílẹ̀ lórúkọ ọmọ náà, òun ni godsib rẹ, ẹbí tí Ọlọ́run fún ọ láìsí ti ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ. Ẹbí náà le débi pé godsib méjì kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin tó ń yí aboyún ká lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ ló kù tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kí Emmot tó wọlé ọkọ ní abúlé Sedgeholm, àwọn ọ̀mùtí ti fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bí obìnrin méjì bá ti fẹnu kora báyìí, wọn á ní, "Àwọn godsib tún ti bẹ̀rẹ̀!"

Hamo ọkọ Emmot, tó ń gé koríko odò tí wọ́n fi ń bo ilé, wà lára wọn. Ibbot ló máa ń fi bú jù, opó tó ń pọn ọtí lódìkejì omi. Kí a má purọ́, ẹnu Ibbot kò ní ìlẹ̀kùn. Òun ló sọ nílé ọtí rẹ̀ nípa tọkọtaya kan lókè ọ̀hún tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì fún ọmọ tó ń kú lọ. Ó ní bó ṣe ṣe é tán ló di godsib ìyàwó ara rẹ̀, ni àlùfáà bá tú wọn ká. Gbogbo abúlé gbọ́ ọ, gbogbo abúlé sì gbà á gbọ́.

Ìgbà tí omi kún bo ọ̀nà ni ọmọ Emmot dé, láìtọ́jọ́. Agbẹ̀bí wà lójú ọ̀nà tí kò ṣeé gbà mọ́. Hamo nìkan ló wà nílé, ẹni tí kò tọ́ kó wọ yàrá ìkúnlẹ̀ rárá. Ọmọ obìnrin ni, ó kéré, ètè rẹ̀ dúdú, èémí rẹ̀ ń ṣe ségesège. Hamo gbé abọ́ omi.

"Ẹ má dán an wò!" Emmot pariwo. "Tí ẹ bá sàmì fún un, ẹ di godsib mi nìyẹn. Wọ́n á tú wa ká."

"Kí la wá fẹ́ ṣe? Ká jókòó máa wò ó kó kú láìsàmì, kí wọ́n lọ bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bí ajá?"

"Ẹ lọ pe Ibbot."

"Ibbot? Godsib gbogbo ayé?"

"Ọkọ mi, ẹ lọ pè é, mo bẹ̀ yín!"

Hamo wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ.

Bó ṣe lọ tán, ẹ̀rù wá bo Emmot. Ó gbétí sí àyà ọmọ. Èémí kan wọlé, ó pẹ́ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ó wo ẹnu ọ̀nà, omi nìkan ló ń gbọ́. Ó nífẹ̀ẹ́ Hamo, kò tíì rí ẹlòmíràn tó lè fẹ́ láyé rẹ̀. Ọmọ náà ṣí ẹnu, kò mí. Ọwọ́ Emmot ti wọ inú abọ́ kó tó mọ̀.

"Sabina, mo sàmì fún ọ ní orúkọ Bàbá, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́."

Ọmọ náà gbọ̀n, ó sín, ó sì bú sẹ́kún. Emmot náà bú sẹ́kún. Ó ti gba ọmọ là, ó sì ti pàdánù ọkọ.

Ibbot ló kọ́kọ́ wọlé, aṣọ rẹ̀ tutù dé itan. Hamo ṣì ń so ọkọ̀ níta. Ibbot wo orí ọmọ tó rin gbindin, ó wo ọwọ́ Emmot.

"Ta ló da omi yìí?"

Emmot kàn ń wo ẹnu tí gbogbo abúlé mọ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ Hamo ti ń dún bọ̀. Ibbot ki ọwọ́ bọ inú abọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Hamo, rọra wọlé o!" ó kígbe. "Mo ti sàmì fún un. Sabina lo máa pè é. Ṣé o rí i pé godsib wúlò, ìwọ ẹlẹ́nu gígùn?"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Ibbot búra lé níwájú àlùfáà nígbà tí omi fà.

Láti ọjọ́ náà, Emmot kò ní ìsinmi. Bí Ibbot bá rẹ́rìn-ín láàárín èrò, Emmot á tẹ́tí. Ẹyin lohùn, ó ń dúró de ìgbà tí èyí máa bọ́ sílẹ̀. Sabina dàgbà, ó ń bá Ibbot pọn ọtí, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Nígbà tí àìsàn dá Ibbot wó, Emmot lọ jókòó tì í.

"Ẹ jẹ́wọ́ irọ́ yẹn fún Fàdá, kí ẹ tó lọ."

"Kó lè tú ilé rẹ ká? Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Ẹ̀rù ọ̀run àpáàdì ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí, ọmọ mi. Ó ń bà mí gan-an. Di ọwọ́ mi mú."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Emmot bi àlùfáà léèrè bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni: ìyá tí kò rí ẹnikẹ́ni pè, tó sàmì fún ọmọ ara rẹ̀ tó ń kú lọ ńkọ́, ṣé ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú?

"Tú bí báwo? Ohun tó yẹ ló ṣe. Tí kò bá sí ẹlòmíràn, Ìjọ gbà á láyè, kò sì ba ìgbéyàwó jẹ́. Ta ló sọ irú ìyẹn fún ọ?"

"Wọ́n sọ ọ́ nílé ọtí ni, Fàdá."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin godsib!"

Emmot kò rẹ́rìn-ín. Ìbúra èké Ibbot ló wà lọ́kàn rẹ̀, èyí tó gbé lọ sí sàréè nítorí òun, lásán. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà.

"Fàdá, ẹ bá mi gbàdúrà fún Ibbot," ó ní. "Godsib mi ni."