Àlejò Tí Adìẹ Gbé Mì

Adìẹ Ṣàràfá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kòkòrò kan bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó ń ká, ó ń nà, bíi pé ó fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn.

"Hàkímù! O fẹ́ pa adìẹ mi!" Ṣàràfá, tó ń ta kọ́ọ̀lù fóònù lábẹ́ agboòrùn níwájú ilé àwọn Hàkímù ní Ìfọ̀, ló ń pariwo.

"Adìẹ yín ló jalè, bọ̀ọ̀dá."

Kì í kúkú ṣe kòkòrò. Háhá àgbàdo ni, tí Hàkímù fi sítáàṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá píọ̀wọ́tà. Háhá ń mu omi, ọ̀rá kì í mu. Tí èémí bá kàn án, á gbé orí àti ìrù sókè. Tí oòrùn bá gbẹ ẹ́, á yọ iké bíi ràkúnmí.

Màmá àgbà ló ṣe é fún. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, wọn ò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló máa fọwọ́ òsì gba nǹkan. Ọ̀tún sì rèé lábẹ́ ìró, wọ́n ní ó ti kú. Oúnjẹ o, oògùn o: "Gbé e sílẹ̀." Gbólóhùn yẹn ń dun Hàkímù ju pàṣán lọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Tí àgbàlagbà bá wá fi tiẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìró ńkọ́?

Ó fọ itọ́ adìẹ kúrò, ó sá a gbẹ, ó wọlé.

"Màmá, ẹ gbàlejò."

"Gbé e sílẹ̀."

"Kì í jókòó nílẹ̀, agbéraga ni. Àtẹ́lẹwọ́ tó bá lóoru, tó ń làágùn, ló máa ń dìde fún." Ó gbé e sí ọwọ́ ara ẹ̀. Orí dìde, ìrù dìde.

"Aúsùbílà! Ó lẹ́mìí ni?"

"Ohun tí adìẹ bọ̀ọ̀dá Ṣàràfá náà rò nìyẹn."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi òsì gbé ọ̀tún jáde lábẹ́ ìró, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, wọ́n tú ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Gbé e síbí. Má yàn mí jẹ o."

Tọ́wọ́ yẹn bá tutù ńkọ́? Hàkímù rò ó kóun fẹ́ atẹ́gùn sí i lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Màmá wà lẹ́nu ẹ̀ gbágbá. Ó gbé e lé e.

Kòkòrò sùn gbalaja. Adìẹ wúkọ́ níta.

Ìrù mira. Orí tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀.

"Ó dìde fún mi," Màmá sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò mọ̀ pé ọwọ́ yìí ò yá."

Hàkímù na ife oògùn sí wọn.

"Dúró ná. Jẹ́ kí àlejò mi kọ́kọ́ jókòó."

Ó dúró. Apá ń ro ó, ṣùgbọ́n kò gbé e sílẹ̀.