Fúláàsì Ìlasá Tó Fẹ́ẹ́ Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2025, Wúràọlá gbé fúláàsì ọbẹ̀ ìlasá lé itan, ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà Wàhábì, ó ní kí ó máa gbé òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Orí rẹ̀ kò dàrú. Ràhmọ̀t, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú oyún oṣù méjì, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ó sì ti ń bi gbogbo ohun tó bá fi kan ẹnu. Ìlasá ìyá rẹ̀ nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó ti kìlọ̀ pé ọbẹ̀ tí wọ́n bá tún gbé kaná, òórùn rẹ̀ lásán á mú òun bì. Láti Igbó-Ọrà ni kí ó ti gbóná dé ọ̀dọ̀ òun.

Godwin, tísà tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wọn, ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì ti gbà láti bá wọn gbé e. Wúràọlá bi í bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Tísà ní ó tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà. Ìyẹn kò yé e, ó ní kí ó fi wákàtí sọ ọ́. Tísà ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni bàálù ń lò lófurufú, aago mọ́kànlá alẹ́ ni yóò sì gbéra ní Èkó.

Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ yìí ni Wúràọlá fẹ́ fi ọ̀kadà dán wò, kí ó tó se ọbẹ̀ tuntun fún Tísà. Ó ní fúláàsì tó jókòó sójú kan nílé kò tíì mọ ohun tí ìrìn àjò ń jẹ́.

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n gbéra. Wọ́n dé Èrúwà, wọ́n yí padà, wọ́n gba Ìdèrè, wọ́n tún forí lé Èrúwà. Nígbà kẹta tí wọ́n kọjá níwájú àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, ọ̀kan bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ gan-an. Wàhábì ní Lọ́ńdọ̀nù ni, ó ku wákàtí méjì. Ebi ti ń pa á.

"Màmá, wọ́n máa ń fún èèyàn lóúnjẹ nínú bàálù."

"Èrò ni wọ́n ń fún. Ìwọ lò ń wà á."

Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n sọ̀ sẹ́nu ọ̀nà Tísà. Wúràọlá ṣí ìdérí, ooru ọbẹ̀ sì kọlù ú lójú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Rosaline, ìyàwó Tísà, bá òun pe ọkọ rẹ̀ wá wò ó.

Rosaline ní ó ti lọ láti bíi wákàtí méjì.

"Ṣebí aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n ń gbéra?"

"Aago mọ́kànlá ni, Màmá. Ṣùgbọ́n èrò gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ọ̀nà Èkó náà sì tún wà níbẹ̀. Ó retí yín títí."

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Wúràọlá ti ń wọkọ̀ ní gáréèjì Igbó-Ọrà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ní yóò gbéra láago mọ́kànlá, ó di ìgbà tó bá kún. Ẹni tó bá tètè dé, oòrùn ni yóò pa á. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ọkọ̀ kan wà láyé tí kì í dúró de èrò.

Ó ní kí Wàhábì tún gbé òun, kí àwọn lé Tísà bá lọ́nà. Wàhábì ṣí táńkì, ó yọjú wò ó.

"Màmá, epo tó gbé wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ ò lè dé Abẹ́òkúta."

Wàhábì ni ó jẹ ìlasá náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i ni Ràhmọ̀t fi bì, ó sì fi kìlógíráàmù mẹ́jọ rù.