Sàídì Ni Kí Ẹ Máa Pè Mí

Inú réluwéè ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyàwó rẹ̀. Láti Kàdúná títí wọ́n fi kọjá Ìlọrin, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Fàsílátù, ohunkóhun tí o bá gbọ́ tí wọ́n ń pè mí nílé, má bá wọn pè é."

"Bọ̀dá Sàídì, kí ni wọn óò pè yín? Olè?"

Ìbá sàn kó jẹ́ olè. Olè a kúkú ti jí nǹkan kí wọ́n tó pè é lólè.

Ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná, Sàídì ni ọ̀gá ń pè é, Sàídì ni àwọn ará ilé ń pè é, òun náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé òun ti jẹ́ nǹkan mìíràn rí. Ṣùgbọ́n àwọn sójà gbàjọba. Òwú kò wọlé mọ́, ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Ilé wo? Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ lóyún kò lè sùn sábẹ́ igi. Ẹdẹ, ìlú bàbá rẹ̀, náà ni.

Wọn kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán ní ìdíkọ̀ réluwéè tí ohùn kan fi ké láti ẹ̀yìn.

"Ẹ wò ó o, Yétúndé ti dé. Ìyá wa ti àjò dé."

Rájí ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, tí ó ń fi ọmọlanke kó ẹrù níbẹ̀. Fàsílátù wẹ̀yìn bóyá obìnrin kan ń bọ̀. Kò sí obìnrin kankan. Nígbà tí ó yíjú padà, ilẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń wò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Àtàndá, bàbá wọn, wà ní oko Ara nígbà tí ìyá rẹ̀ fi kú. Kò bá ojú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá arúgbó náà gan-an ni ìyàwó kékeré bí ọmọkùnrin, ọmọ náà sì ní àpá dúdú kan ní èjìká òsì, níbi tí iná ti jó ìyá náà nígbà ayé rẹ̀. Àáfà sọ ọmọ ní Sàídì. Àtàndá ṣe àmín. Àmọ́ ó gbé ọmọ náà sókè lójú gbogbo ẹbí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìyá òun ló padà wá, Yétúndé ni.

Àwọn àgbà ní, "Àtàndá, ọkùnrin mà lèyí."

Ó ní, "Ìbáà fi irùngbọ̀n wá, ìbáà fi ọmú wá, èmi mọ ẹni tó bí mi."

Ta ni yóò bá a jiyàn? Ọjọ́ náà ni orúkọ tí Àáfà sọ ọmọ ti kú.

Ìyáálé ilé ni Sìmbíátù, ìyá Rájí. Ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ ìyá arúgbó náà nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun. Wọ́n ní ó jí ẹja jẹ nínú ìkòkò, ìyá arúgbó fi ata lílọ̀ ra á lójú. Ó tún ra á níbòmíràn, ibẹ̀ kò ṣeé dárúkọ. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀.

Tí Àtàndá bá wà nílé, Sìmbíátù á kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún méje. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ilé á rẹ́rìn-ín. Tí Àtàndá àti ìyàwó kékeré bá ti gba ọ̀nà oko, á fa ọmọ náà lọ sídìí ọlọ.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Nǹkan yín wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ dá a padà."

Ata náà ni. Ọmọ á máa ké pé Sàídì lòun, òun kọ́ ni ìyá. Sìmbíátù kì í jágbe mọ́ ọn. Á bi í pẹ̀lẹ́ pé, "Ta ló ń jẹ́ Yétúndé nílé yìí?" Kò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi dáhùn pé, "Èmi ni."

Wàyí o, Àtàndá ti kú, ìyá Sàídì náà ti kú. Sìmbíátù ló ni àṣẹ ilé. Bí wọ́n ṣe wọlé ọjọ́ náà, ó dìde lórí ẹní, arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó sì kúnlẹ̀. Eegun orúnkún rẹ̀ ń dún.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá mi. Ẹ̀yin náà fẹ́yàwó?" Ó wo ikùn Fàsílátù. "Ta ló wá fún un lóyún?"

Rájí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Sàídì bá wọn rẹ́rìn-ín. Yàrá ni ó ń wá. Ẹni tó ń wá yàrá kò lè fajú ro.

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n fún wọn, ó di ọwọ́ Fàsílátù mú, ó sọ ìtàn orúkọ náà fún un.

"Ìwọ nìkan ló kù tó mọ̀ mí ní Sàídì," ó ní. "Tí ìwọ náà bá pè mí ní Yétúndé, ó parí fún mi."

Fàsílátù búra pé láéláé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ọṣẹ àti ṣúgà dé sí ìsọ̀ kan lọ́jà. Nǹkan wọ́n lọ́dún yẹn, ènìyàn sì máa ń wẹ̀yìn kí ó tó sọ̀rọ̀. Sójà méjì ń tọ́jú ìlà, kòbókò lọ́wọ́. Ìlà ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Sàídì ti sún mọ́ iwájú. Rájí wà lẹ́yìn pátápátá, ó rí i pé ọṣẹ lè má kan òun, ó bá lanu.

"Yétúndé, ìlà àwọn obìnrin ń lọ o. Kí lò ń ṣe níbí?"

Sójà kan yíjú. "Ta ni Yétúndé?"

Sójà ju kòbókò sínú afẹ́fẹ́, ó dún. "Mo ní ta ló ń jẹ́ Yétúndé?"

Ìbéèrè ìdí ọlọ ni. Ẹnu Sàídì là fúnra rẹ̀. "Èmi ni, sà."

Sójà wò ó látòkè délẹ̀. Ó wo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gba ìborùn lórí obìnrin kan, ó ní kí Sàídì fi wé gèlè, kí ó lọ tò sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wé e. Ó lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wo ẹ̀gbẹ́ nítorí kòbókò. Fàsílátù wà lórí ìlà náà pẹ̀lú oyún rẹ̀. Ó fi ìka kan ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bọ̀dá Sàídì, ẹ má wojú wọn."

Orúkọ yẹn nìkan ló gbé e délé.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Sìmbíátù dùbúlẹ̀. Apá kan ara rẹ̀ kú. Fàsílátù ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Rájí ti lọ wá oògùn sí Awo, Fàsílátù ń fọ aṣọ aláìsàn lábẹ́ fèrèsé, ni Sìmbíátù bá ní kí wọ́n pe Yétúndé wá. Sàídì wọlé tọ̀ ọ́.

"Ó ku èmi pẹ̀lú yín, Ìyá," ó ní. Ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, mo wà níbí."

"Ẹ jẹ́ n wí i. Ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ fi kú, ẹsẹ̀ yín ti kọ̀. Àtàndá wà lóko. Ẹ ń pè mí pé òùngbẹ ń gbẹ yín. Mo bu omi. Mo gbé igbá náà sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ojú yín tó o, tí ọwọ́ yín kò tó o. Mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ pè mí títí ohùn yín fi tán. Mo ń gbọ́."

Lábẹ́ fèrèsé, aṣọ dákẹ́ nínú omi. Fàsílátù gbé korobá, ó rọra gba ọ̀nà kànga lọ, kí àwọn méjèèjì lè parí ọ̀rọ̀ wọn.

"Ẹ̀rù bà mí láti bá yín lọ́hùn-ún," Sìmbíátù ní. "Ẹ sọ pé ẹ ti foríjì mí. Ẹ fi ọwọ́ yín fún mi lómi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ jẹ́ orúkọ náà fún mi. Tí Rájí bá dé, n óò pe gbogbo ilé, n óò fi Kùránì búra pé Sàídì ni ẹ ń jẹ́. Ẹni tó bá tún pè yín ní nǹkan mìíràn kì í ṣe ọmọ mi."

Kọ́ọ̀bù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ohun tí ó ti ń wá láti kékeré wà níwájú rẹ̀ yìí, kò sì ju kí ó ní "èmi ni" lọ. Ó ti sọ ọ́ pẹ̀lú ata lójú. Ó ti sọ ọ́ fún sójà. Kí ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń kú, kí ó gba ara rẹ̀. Ó lanu. Ata ni ó rántí.

"Ẹ ṣì mí mú, Màmá," ó ní, pẹ̀lẹ́, bí obìnrin náà ti máa ń bá a sọ̀rọ̀ nídìí ọlọ. "Sàídì lorúkọ mi. Ọkùnrin ni mí. Ẹni tí ẹ ń bẹ̀ ti di erùpẹ̀."

"Yétúndé."

"Kò sí Yétúndé nílé yìí."

Ó gbé kọ́ọ̀bù náà. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ gbé e jáde ni. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ lójú obìnrin náà, ó sì lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sìmbíátù ń pè é. Ó ń gbọ́. Nǹkan kan ń tù ú lára, bí ìgbà tí wọ́n bá bu omi tútù sí ojú tí ata ta.

Nígbà tí Fàsílátù ti kànga dé, ìpè ti dákẹ́. Ó rí kọ́ọ̀bù ní ẹnu ọ̀nà, ó kún. Ó rí ọwọ́ arúgbó náà tí ó nà wá sí ìhà ọ̀nà kí ó tó já wálẹ̀. Ó wọlé, ó pa ojú rẹ̀ dé, ó ká ọwọ́ náà sí i láyà.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé kọ́ọ̀bù náà jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò jẹ́ kí ó dànù. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Fàsílátù, mo kọ̀ fún un," ni ọkọ rẹ̀ ń sọ. "Mo sọ fún un pé Sàídì ni mí."

Fàsílátù kò wò ó lójú. Ilẹ̀ ni ó ń wò, bí ìyàwó tuntun níwájú ìyá ọkọ.

"Ẹ gba omi yín, Yétúndé."