Ife Tíì Kẹta

Ní ìlú Leer tiwa níbí, ní Jámánì, ẹni tó gbàlejò á máa bu tíì ni títí àlejò á fi ti ṣíbí bọ inú ife. Ìyẹn ló ń sọ pé ó tó. Lẹ́yìn ife kẹta, ẹni tójú ẹ̀ là á ti fi ṣíbí sí i.

Tomke ni mò ń jẹ́ báyìí. Wọ́n bí mi ní ọkùnrin, àmọ́ obìnrin ni mí. Oògùn ti ń yí ara mi padà, iṣẹ́ abẹ ló kù, kò sì sí oníṣẹ́ abẹ tó máa fọwọ́ kàn mí àfi bí dókítà ọ̀rọ̀-ọkàn bá jẹ́rìí sí i pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé láti ìgbà òtútù, mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Ẹni tí mo lè sọ ìyẹn fún ni mò ń wá.

Dókítà àkọ́kọ́ ń béèrè ọmọlangidi tí mo fi ṣeré ní kékeré. Katakata ni mo fi ṣeré. Kò kọ ìyẹn sílẹ̀. Èkejì gbé tíṣù síwájú mi, ó wá ń wojú mi bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà ní bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Èmi ń ríran dáadáa, ẹkún ni kò wá. Ó ní bóyá kò tíì dá mi lójú.

Ọ̀rẹ́ mi Gesche ló fi mọ́tò gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀kẹta.

"Tó o bá débẹ̀, ṣáà sunkún díẹ̀."

"Kí n torí kí ni sunkún?"

"Rántí ajá yín tó kú."

"Ajá tó bù mí jẹ yẹn?"

"Tomke, mi ò bá ẹ ṣàwàdà! Má sọ fún wọn pé o ò mọ nǹkan kan lára o. Wọ́n á ní o ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ mọ́, ó tán nìyẹn."

Ẹ̀rù ń bà á ju èmi lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan ni Dókítà Wübbena. Ó bu tíì lé ṣúgà lórí, ó jókòó. Mo bá bẹ̀rẹ̀ àkọ́sórí mi: "Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé—"

"Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Èmi náà ni, mà. Àwọn dókítà fẹ́ràn ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti sú èmi o. Pé obìnrin ni ẹ́, a ò ní jiyàn ìyẹn níbí. Màá jẹ́rìí ẹ. Ó yá, kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Mi ò mọ nǹkan kan lára, mà."

Mo ń retí kí ojú ẹ̀ yí padà. Kò yí.

"Láti ìgbà wo?"

"Ìgbà òtútù."

"Ó mà ti pẹ́ o." Ó bu ife kejì.

Mo mu ún, ó tún bu ìkẹta. Nígbà tí mo mu ìkẹta tán, ó ní, "Ṣé wàá padà wá? Tó bá jẹ́ rárá, mi ò ní bínú."

Ohun tí mo torí ẹ̀ wá nìyẹn, ó ti wà níwájú mi. Mo wá ìdùnnú nínú ara mi, mi ò rí i. Mo wá ẹ̀rù, mi ò rí i. Gesche ń fọn fèrè mọ́tò níta. Mo mú ṣíbí, ọwọ́ mi ti ń gbé e lọ sínú ife bó ti mọ́ ọn lára láti kékeré. Mo dá a dúró, mo sì fi ṣíbí náà lélẹ̀ sínú àwo abẹ́ ife.

Ìyá náà wò ó. Ó dìde, ó lọ gbé omi mìíràn kaná.