Ìlà Tó Wà Lábẹ́ Ìlà Agbára

Ní ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì Àdìgún ní Charbonnages, ní Libreville, wọn kì í tan ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe láì kọ́kọ́ gbàdúrà. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ àṣà náà, ẹni tó ti Ọ̀fà wá sí Gabon pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ kan àti ìwé orin kan. Àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú wọn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì ṣe àmín, torí kò sí ẹni tó ń kọ àdúrà fún mọ́tò rẹ̀.

Mọ́tò tó wà lórí ẹ̀rọ òṣùwọ̀n lọ́jọ́ Ọjọ́bọ yẹn, Toyota àtijọ́ kan ni, ti Honoré, ọmọ Nàgó láti Kétu, tó ń ta táyà ní àdúgbò Venez-Voir. Rólà irin ńlá méjì ni ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ọ̀hún. Ẹsẹ̀ mọ́tò á máa yí lórí wọn láì kúrò lójú kan, kọ̀ǹpútà á sì máa ya agbára ẹ́ńjìnnì bí ìlà. Mofìyìnfólúwa, ọmọbìnrin Àdìgún, ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà náà. Libreville ni wọ́n bí i sí. Faransé ló máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Honoré ń lọ sí ìdíje eré mọ́tò ní Angondjé lọ́jọ́ Sátidé. Judicaël, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló ń borí níbẹ̀ lọ́dọọdún, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n jẹun tán kó tó rán wọn létí. Mọ́tò Judicaël ní agbára ẹṣin igba ó lé ọgbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí Honoré fi ra nítírọ̀, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tó ń fi èémí kún èémí iná inú ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò yìí kan náà ló sì fi ń gbé Eugénie, ìyàwó rẹ̀, àti ẹja tó ń tà lọ sọ́jà láràárọ̀. Kò ní òmíràn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi nítírọ̀ sí i, ó dé igba ó lé mọ́kànlá.

“Judicaël á tún bá mi jẹun,” ni Honoré wí.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tutù, ó rántí nǹkan kan. “Bàbá, mọ́tò nìkan lẹ gbàdúrà sí. Ẹ ò tíì ya sílíńdà sí mímọ́, tuntun sì ni.”

Òótọ́ ni. Wọ́n tú sílíńdà náà, wọ́n gbé e síta sórí símẹ́ǹtì, ní gbangba abẹ́ ọ̀run, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n kọ orin ẹlẹ́sẹ mẹ́fà, wọn ò fo ìkankan. Àdìgún gbàdúrà fún ẹni tó rà á, fún ẹni tó rọ ọ́, fún ẹni tó gbé e gba orí òkun, àti fún gbogbo ará Gabon. Ọ̀sán gangan ni. Òógùn bo gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.

Nígbà tí wọ́n dá a padà, Honoré tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Rólà han gooro. Ìlà agbára gòkè bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á: igba ó lé mẹ́rìndínlógójì.

Honoré jó jáde nínú mọ́tò. “Ẹsẹ mẹ́fà péré nìyẹn o. Bàbá, ká ní a kọ méjìlá ńkọ́?”

Àdìgún rẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà. “Ọlọ́run ló ṣe é.”

Mofìyìn tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ ìlà agbára, ìlà kékeré kan wà tí oníbàárà kì í wò. Òun ló ń sọ bí epo ṣe bá afẹ́fẹ́ mu nínú iná. Nígbà àkọ́kọ́, ó tẹ́ bí omi inú àwo. Báyìí, láti àárín, ó ń gun òkè: afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i, epo ò tẹ̀ lé e. Orí ìlà agbára pàápàá ti yọ eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. Bí epo ò bá tó iná bẹ́ẹ̀, iná náà kì í rọlẹ̀. Gbígbóná ló máa ń gbóná sí i, títí á fi jẹ orí pístìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì.

Ó mọ ohun tó ń wò. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ lẹ́yìn tí bàbá ẹni ti ṣí fìlà.

Ó lọ sídìí búùtù, ó fọwọ́ kan sílíńdà, ó sì yára mú ọwọ́ kúrò.

“Papa, ẹ wá fọwọ́ kàn án.”

Àdìgún fọwọ́ kàn án. “Ó gbóná.”

“Oòrùn ló pa á nígbà tí à ń gbàdúrà. Ooru ló ń ti nítírọ̀ jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Epo wà bó ṣe wà, nítírọ̀ nìkan ló pọ̀ sí i.”

Ijó kúrò lára Honoré. “Ta ló ní kó o fọwọ́ kan nǹkan tí a ti yà sí mímọ́?”

“Tonton Honoré, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ìlà ìsàlẹ̀ yìí.”

“Ìlà òkè ni Judicaël máa wò.”

“Pístìnnì yín, ti ìsàlẹ̀ ló ń wò.”

Honoré yíjú sí Àdìgún. “Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Àdúrà ló mú un wá, ọmọ yín ní oòrùn ni.”

Àdìgún tú pílọ́ọ̀gì kan tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tó yẹ kó pupa bí bisikíìtì ti funfun bí egungun, àwọn hóró wẹ́wẹ́ tó ń dán sì lẹ̀ mọ́ ọn bí iyanrìn. Ara pístìnnì ni wọ́n ti wá. Ó gbé e fún Honoré.

“Ẹ́ńjìnnì rẹ ti ń jẹ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó o tẹ̀ ẹ́ yìí ló fà á. Ẹ̀ẹ̀melòó lo máa tẹ̀ ẹ́ ní Angondjé?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, tí mo bá dé òpin.”

“Kò ní dé ẹ̀ẹ̀kẹta.”

Honoré jókòó lórí táyà kan. “Àdúrà wa ò gbà nìyẹn.”

“Ó gbà. Mo bẹ Ọlọ́run kó ṣọ́ mọ́tò rẹ. Kí lo rò pé ọmọ yìí ń ṣe nígbà tó lọ fọwọ́ kan sílíńdà?”

Honoré béèrè bóyá wọ́n lè fi epo kún un kó lè bá nítírọ̀ mu. Mofìyìn ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n Douala ni ẹnu tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, tó tóbi ju èyí lọ, ti máa wá, kò sì lè dé ṣáájú Sátidé. Honoré yí pílọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ títí. Ó ronú kan abọ́ ẹja Eugénie, ó ronú kan ẹnu Judicaël.

“Ẹ wá aṣọ tútù bo sílíńdà náà,” ó wí.

Wọ́n yẹ ihò ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. A dúpẹ́, kò tíì bàjẹ́. Wọ́n pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, wọ́n gbé sílíńdà sábẹ́ òrùlé, wọ́n sì dúró títí géèjì rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀. Àdìgún fẹ́ gbàdúrà.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni Honoré wí, “inú ilé ni ká ti ṣe é.”

Lẹ́yìn àdúrà, Honoré tún tẹ̀ ẹ́ lórí rólà: igba ó lé méjìlá ni. Honoré bẹ̀rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ìka tọ ìlà ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ibi tó ti gòkè.

“Èyí ni kó o tẹ̀ síwèé fún mi, Mofìyìn. Pa ìyẹn rẹ́, kó má baà máa wù mí.”

Ní Angondjé, Judicaël borí. Honoré ló ṣe ìkejì.

“Àna, ẹ gbìyànjú,” ni Judicaël wí láti ojú fèrèsé mọ́tò rẹ̀.

“O ṣeun. Máa bọ̀ wá jẹun lọ́la, kó o wá sọ èyí tó kù.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òjò ń rọ̀. Eugénie to abọ́ ẹja sẹ́yìn mọ́tò, ó jókòó síwájú, ó ní kó yá, yìnyín orí ẹja ń yọ́. Honoré yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì tan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gba ọ̀nà ọjà lọ.