Ìdajì Páálí

Ojú èmi àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin lókè orí àwọn èèyàn tó ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Godswill, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran inú yìnyín ní Ẹ̀gbẹ́dá, nígbà tí Kérésì ku ọ̀la.

Ó ga, ó dúdú, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Kò wo ẹlòmíì. Èmi ló ń wò. Mo gbàgbé pé ìgbọ̀nwọ́ obìnrin kan ń gún mi légbẹ̀ẹ́. Mo gbàgbé pé omi yìnyín ti rin bàtà mi. Mo ní háà, báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn: ó máa rẹ́rìn-ín, á sì gbọ́wọ́ sókè sí mi.

Ó gbọ́wọ́ sókè lóòótọ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó fi ọ̀tún gé e sí méjì bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Ariwo ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ètè rẹ̀ ń sọ:

"Ìdajì?"

Ọ̀rọ̀ adìẹ ló ń bá mi sọ.

Ìyá Godswill ti kéde rẹ̀ láti àárọ̀ pé àwọn ò gé páálí adìẹ lónìí. "Odidi ni o! Mi ò ta kílò, mi ò ta ìdajì! Ẹni tó bá fẹ́ ìdajì, kó wá ẹnìkejì rẹ̀ nínú èrò! Ẹ má bá mi ṣojú àánú, èmi náà ń wá ẹni tó máa ṣàánú mi!" Nígbà tí èrò sì fẹ́ ti fírísà ṣubú, Ìyá Godswill ti géètì onírin mọ́ gbogbo wa, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn kọ́mú wọn. Ẹni tó wà nínú, inú ló wà títí wọ́n á fi dá gbogbo wa lóhùn. Ẹni tó wà níta, kó máa gbàdúrà.

Ìdajì páálí itan adìẹ ni Màdáámù mi rán mi. Ṣọlá ni mo ń jẹ́, ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ni mí, lọ́dọ̀ Màdáámù Ọdẹ́tọ́lá ní Akówonjo. Nínú báàgì kékeré tí mo gbé kọ́ àyà lọ́jọ́ náà, lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ sí Màdáámù. Kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Mo ti kọ́ṣẹ́ parí láti ìgbà ọdún Àjíǹde. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún mi, kí wọ́n gbàdúrà sí mi lórí, kí wọ́n fa sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, kí n máa lọ ṣe tèmi. Ìyẹn nìkan ni.

Àmọ́ lẹ́yìn Àjíǹde, wọ́n ní kí n dúró de Iléyá, aṣọ pọ̀. Iléyá kọjá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ́kọ́ gba yúnífọ́ọ̀mù wọn. Ìyẹn náà parí, wọ́n ní, "Kérésì ti dé tán, Ṣọlá, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Lọ́la wọ́n ń lọ Ìjẹ̀bú, wọn ò ní dé títí ọdún tuntun á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìyá kan ní Bárúwà ti bá mi di kọ̀ǹténà kan mú tí mo fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní tí ọdún yìí bá fi parí tí òun ò gbúròó mi, ẹlòmíì ni òun á gbé e fún. Tí lẹ́tà yẹn ò bá kúrò nínú báàgì mi lónìí, ó di kí n tún máa rán ìkọ́ mọ́ búláòsì àwọn ẹlòmíì títí di Àjíǹde mìíràn.

Kí ló wá dé tí mi ò fún wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ọmọ iṣẹ́ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ iṣẹ́ kì í dá bẹ fírídọ̀ọ̀mù fúnra rẹ̀, àgbà ní í mú un lọ. Ìyá mi ti dolóògbé. Bàbá mi ò lè wọ mọ́tò láti Iléṣà mọ́, ẹsẹ̀ wọn ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ti la ẹnu, Màdáámù á wò mí láti orí máṣíìnì: "Ṣọlá, àgbà rẹ dà?" Ẹnu mi á sì pa dé.

Màdáámù kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn ni wọ́n ra oògùn fún bàbá mi nígbà tí kò sẹ́ni tó yọjú. Ká ní wọ́n ń lù mí ni, ǹ bá ti sá lọ tipẹ́. Ọpẹ́ ló tì mí mọ́lé.

Mo mi orí sí ọkùnrin náà. Ó wẹ èrò kọjá wá bá mi.

"Ẹ káàsán, sista. Jàfárù lorúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní yí ọkàn padà, àbí? Ẹnìkan ti já mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ó kù díẹ̀ kó bọ́ lẹ́nu mi pé ta ló lè já irú yín sílẹ̀.

"Ìyá kan ni," ó ní. "A ti jọ fẹ́ ra páálí, ni wọ́n bá rí ọ̀rẹ́ wọn."

"Mi ò ní ọ̀rẹ́ níbí," ni mo dáhùn. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu bí mo ṣe sọ ọ́. "Jàfárù, ẹ̀yin náà ń ra adìẹ Kérésì?"

"Ìyá Hope ni mò ń rà á fún, yàrá wọn kọjú sí tèmi, lẹ́yìn Gowon Estate níbẹ̀ yẹn. Látìgbà tí mo ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí Kérésì tí ìrẹsì wọn kì í kan ilẹ̀kùn mi. Lọ́dún yìí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n ní kò sí ọdún, àwọn ò lè dúró ti iná. Mo ní irọ́ ni, èmi á sè é."

"Ẹ mọ ìrẹsì í sè?"

"Káfíńtà ni mí. Tí kò bá jinná, màá kàn án pọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin onígbọ̀nwọ́ yẹn yíjú wò mí.

Nígbà tó kàn wá, Ìyá Godswill ju páálí lé wa lọ́wọ́ gbì. "Tọkọtaya, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín!"

"A ò fẹ́ra o, Ìyá," ni Jàfárù sọ.

"Ẹ ò fẹ́ra, ẹ ti ń pín adìẹ? Ayé ti bàjẹ́. Kọjá, jàre!"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí géètì fún wa. Wọn ò tiẹ̀ wò mí. "Tí mo bá ṣí i fún ìwọ kan, ogún èèyàn ló máa wọlé. Jókòó."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe há sí igun kan láàárín fírísà méjì. Ooru jẹnẹrétọ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, òtútù fírísà ń bọ̀ láti ìhà mi. Látinú irin géètì mo ń wo ọ̀nà: àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n gbé àlùbọ́sà, wọ́n di adìẹ mú lẹ́sẹ̀. Oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo ń rò ó pé Màdáámù á ti máa palẹ̀ ẹrù Ìjẹ̀bú mọ́. Mo fọwọ́ kan báàgì mi. Lẹ́tà ṣì wà níbẹ̀, bí ẹyẹ nínú àgò.

Itan adìẹ inú páálí ti dì mọ́ra wọn bí òkúta. Jàfárù gbé e sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Kò fọ́. Ó tún là á mọ́lẹ̀. Ẹnìkan kígbe pé, "Bọ̀ọ̀dá, adìẹ yẹn ti kú o!" Nígbà tó là tán, a kúnlẹ̀, a ń pín in sínú náílọ̀n méjì, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, ìka wa ń kan ara wọn.

A pín in tán. Ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ díẹ̀, ìyẹn ò ṣeé yẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ta ló máa kọ́kọ́ mú? Ẹ má bínú, wọn kì í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ obìnrin, ṣùgbọ́n ẹran ti wà nílẹ̀."

Mo sọ ọdún tí wọ́n bí mi. Ó ní ọdún tòun náà nìyẹn.

"Oṣù wo?"

"Oṣù karùn-ún."

Ó gbé ọwọ́ kan kanlẹ̀ níbẹ̀, lórí omi yìnyín, bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi! Oṣù kẹsàn-án ni tèmi."

Inú mi bàjẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí lè pè mí láyé, ṣé ẹ̀gbọ́n ló kù?

"Ẹ mú, ẹ̀gbọ́n. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú."

Mo na ọwọ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Kí lẹ ń ṣe? Èyí tó kéré lẹ fẹ́ mú?"

Mo wo ọwọ́ mi. Lóòótọ́, èyí tó kéré ló ń lọ bá. Èmi kọ́ ni mo rán an. Látìgbà tí mo ti dé ṣọ́ọ̀bù Màdáámù, ìgbẹ̀yìn ni mo ń bu oúnjẹ, àga tó ń mì ni mo ń jókòó lé, òwú tó bá ṣẹ́ kù ni mo fi ń rán tèmi. Ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà.

Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe irú ẹkún tó ń dára lójú obìnrin o, imú mi ń ṣàn. Jàfárù ò sọ pé kí n má sunkún. Ó na igun ẹ̀wù rẹ̀ kan tí kò tíì rin sí mi kí n fi nu ojú. Mo wá sọ fún un, lẹ́tà, kọ̀ǹténà Bárúwà, Ìjẹ̀bú lọ́la, àti "Àgbà rẹ dà?"

"Hẹn-ẹn," ó ní. "Ǹ bá tẹ̀ lé yín wọlé, ṣùgbọ́n àbúrò kì í gba ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ níwájú ọ̀gá. Wọ́n á tiẹ̀ ní ọkùnrin ló ń kó sí yín lórí. Àgbà tí wọ́n ń béèrè yẹn ṣá, mo ti rí i."

"Níbo?"

"Ó wà láàárín fírísà méjì, imú rẹ̀ ń ṣàn, ó fẹ́ mú náílọ̀n kékeré."

Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu. Mo mú náílọ̀n ńlá.

Nígbà tí Ìyá Godswill fa kọ́kọ́rọ́ yọ níkẹyìn, afẹ́fẹ́ ìta fẹ́ sí mi lójú bí ẹni tó ti ń dúró dè mí. Jàfárù gba náílọ̀n mi kún tirẹ̀, ó gbé méjèèjì lé èjìká, a sì rìn dé Akówonjo. Ní òdìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó dúró, ó kó tèmi fún mi.

"Ibí ni mo wà. Adìẹ Ìyá Hope ń yọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má pẹ́."

Màdáámù wà nídìí máṣíìnì, wọ́n fi píìnì sẹ́nu, wọ́n ń tẹ etí aṣọ. Àpótí Ìjẹ̀bú ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé Iléṣà lo ti lọ ra adìẹ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti géètì mọ́ wa."

"Gbé e sínú omi. Kó o wá bá mi rán ìkọ́ mọ́ búláòsì Ìyá Àjíṣafẹ́, wọ́n ń bọ̀ wá gbà á."

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ. Ó ti mọ ọ̀nà, òun náà. Mo dá a dúró.

"Màdáámù."

"Kí ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Mo ti kọ́ṣẹ́ parí láti Àjíǹde, mà. Ẹ ṣeun fún mi, ẹ ṣeun fún bàbá mi, mi ò ní gbàgbé yín láéláé. Fírídọ̀ọ̀mù mi ni mo wá bẹ̀."

Máṣíìnì dúró. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn jáde láàárín píìnì, bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa jáde:

"Àgbà rẹ dà?"

Mo yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Ní òdìkejì, omi yìnyín ń ṣàn bọ̀ lápá Jàfárù. Ó rí mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè bó ṣe gbé e nínú èrò, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò gé e. Odidi ló fi hàn mí.

"Èmi ni, mà," ni mo wí.

Mo ṣí báàgì. Lẹ́tà náà ti rin ní igun kan, ó tutù bí ẹran. Mo fọwọ́ méjèèjì gbé e sókè níwájú wọn, mi ò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yọ píìnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró, wọ́n sì gbà á.